Ìka Bàbá Mi, Iná Ìjọba Ló Ń Lò

Kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ tẹ́sítà, ìka bàbá mi ni mo mọ̀. Bí wọ́n bá gbé rédíò tó yadi wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìkéré, bàbá mi á tú ẹ̀yìn rẹ̀, á tàn án, á ti ìka ìfábẹ̀lá bọ ẹnu, á wá fi orí ìka tútù yẹn kan ẹsẹ̀ àárín lára fọ́líùmù. Bí rédíò bá kùn "hùùùn" bí oyin inú igi, á ní, "Ọ̀fun ò ṣe nǹkan kan. Orí ni." Bí kò bá kùn, á ní, "Ọ̀fun ni." Ó parí. Oníbàárà á jókòó sórí bẹ́ńṣì, bàbá mi á ki áyọ̀nù tó fi ń lẹ wáyà bọ inú èédú, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀fun ni ó ń pe apá tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá kó tó dé sípíkà. Orí ni apá tó ń já iléeṣẹ́ gbà láti inú afẹ́fẹ́. Fọ́líùmù ni ọrùn, ó wà láàárín àwọn méjèèjì, ibẹ̀ sì ni ìka bàbá mi ti máa ń pín rédíò sí méjì. Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà náà, mi ò tíì rí èyí tó ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí lọ́jọ́ tí ìka náà kọ́kọ́ purọ́. Iná ti lọ láti àárọ̀, gbogbo àdúgbò dákẹ́, ooru sì mú débi pé àpáta Olósùnta dà bíi pé òun gan-an ń gbóná mọ́ wa. Bàbá àgbàlagbà kan gbé rédíò oníbátìrì mẹ́rin wá láti Ìgbàrà-Odò. Bàbá mi tú u, ó ti ìka bọ ẹnu, ó fi kan ọrùn. Kẹ́kẹ́ pa. "Ọ̀fun ni." Ó yọ tíránsítọ̀ méjì tó ń gbé sípíkà, àwọn pátì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń sọ ohùn di ńlá, ó fi òmíràn sí i. Kẹ́kẹ́. Ó yọ èyí tó ń tì wọ́n lẹ́yìn, ó pààrọ̀ òun náà. Kẹ́kẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́, ìka rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rédíò, ni iná bá dé. Àwọn ọmọdé hó yèè. Rédíò náà sì kùn lábẹ́ ìka rẹ̀: "Hùùùn."

Mo rántí bó ṣe gbé ìka náà sókè tó ń wò ó bí ìgbà tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ọ̀fun rédíò ò ní àìsàn kankan látàárọ̀. Wáyà eriali tín-ín-rín kan ló já nínú orí. Kò gba owó tíránsítọ̀ lọ́wọ́ bàbá Ìgbàrà-Odò.

Ọdún mélòó kan kọjá kí fíṣíìsì tó là mí lójú. Iná tó ń gba inú wáyà ara ògiri máa ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ara èèyàn dà bí eriali. Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń bà lé wa láìjẹ́ pé a mọ̀. Ìka tútù ló ń gbé díẹ̀ yẹn wọ inú ọ̀fun, ọ̀fun á sì sọ ọ́ di "hùùùn". Bí iná ò bá sí nínú wáyà kankan ní gbogbo àdúgbò, ìka ò ní ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Mo sáré wá sílé lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ tí mo lóye rẹ̀, mo ní, "Bàbá mi, ìka yín, iná ìjọba ló ń lò." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé o wá fẹ́ ra jẹnẹrétọ̀ fún ìka mi ni, Àdùkẹ́?"

Rárá o. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà ń pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ní 1935 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà fa rédíò wọ ilé àwọn èèyàn l'Ékòó, àpótí kan lára ògiri tó ń dá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Èèyàn lè bú u, èèyàn lè bẹ̀ ẹ́, kò ní dáhùn. Àyàn á lù láti ìdí ẹ̀rọ, àwọn ará Ìbàdàn á ní ohun tó ń sọ ni pé "B'Olúbàdàn bá kú, ta ni yóò jọyè?", kò sì sẹ́ni tó lè béèrè lọ́wọ́ àpótí náà bóyá òótọ́ lohun tó ń sọ nìyẹn. Orúkọ náà bá a mu fún ẹni tó kàn ń gbọ́ ọ. Ẹni tó ń tún un ṣe mọ̀ pé rédíò máa ń fèsì bí èèyàn bá ní ohun tí yóò fi bi í. Iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé mi láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn kò ju kí n máa wá ohun tí màá fi bi í lọ, inú òkú rédíò náà ni mo sì ti ń rí i.

Adó ni mo ń gbé báyìí, mò ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, mi ò sí nínú iṣẹ́ tọ́wọ́ ń dọ̀tí. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń ti ọmọlanke ra irin àlòkù ládùúgbò wa ló mọ ilé mi. Páńẹ́ẹ̀lì tẹlifíṣọ̀n, rédíò kásẹ́ẹ̀tì tókúnbọ̀ tó ti kọ́ńdẹ̀mù, rìmóòtù tó ti sọnù lára tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni mò ń rà. Ọ̀kan nínú wọn ṣàánú mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Mummy, ẹ má bínú o, kò sí góòlù nínú nǹkan yìí." Mo ní mo mọ̀. Ó wọn ọ́n lórí òṣùwọ̀n bó ṣe máa ń wọn irin, ó gba owó, ó lọ, ó ń mi orí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kàn ni pẹ́ẹ̀nì. Bí mo ṣe ń pè é nìyẹn, torí inú agolo máákà ni mo kó o sí. Iṣẹ́ ìka bàbá mi ló ń ṣe, ṣùgbọ́n bátìrì rìmóòtù kan ló ń jẹ. Tíránsítọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀. Ẹ wo obìnrin méjì tó ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo: bí ọmọ odó ẹnì kan bá ń bọ̀ nílẹ̀, ti ẹnì kejì gbọ́dọ̀ máa lọ sókè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á kọlu ara wọn. Bí tíránsítọ̀ méjèèjì ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí ọ̀kan bá ṣí, ó ti èkejì pa. Bí èkejì bá ṣí, ó ti àkọ́kọ́ pa. Ohun tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa yára tó ni kapásítọ̀, tó ń tọ́jú iná díẹ̀, àti résítọ̀, tó ń dín iná kù, tó so wọ́n pọ̀. Mo fi kapásítọ̀ méjì tí wọ́n kọ 103 sí lára, ìyẹn 0.01 microfarad, àti résítọ̀ méjì tí àwọ̀ ara wọn jẹ́ búlúù, eérú àti ọsàn, ìyẹn 68,000 ohm. Wọ́n ń gún iyán náà ní nǹkan bí ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Létí, ó dà bí ẹ̀fọn tó ti mu bíà.

Adùn rẹ̀ ni pé gígún náà kì í ṣe jẹ́jẹ́. Ńṣe ló ń bọ́ sílẹ̀ gbì, tó ń gòkè fìrì, ohùn tó bá rí ṣágiṣàgi báyẹn máa ń bímọ: 3,000, 5,000, 7,000, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn ọmọ, títí dé ibi tí AM ti bẹ̀rẹ̀ ní òkè 500,000. Nítorí náà pẹ́ẹ̀nì kan náà tó ń bi ọ̀fun léèrè lè bi orí. Ìka ò lè ṣe ìyẹn. Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, láti ìdí sípíkà, kí n máa bọ̀ síwájú ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ohùn ẹ̀fọn bá ti dákẹ́, a jẹ́ pé mo ti ré àìsàn náà kọjá, ó wà láàárín ibi tí mo wà àti ibi tí mo ti kúrò.

Kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí n sọ òótọ́, kò ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tíránsítọ̀ kan tí mo yọ jẹ́ C945, láti inú rédíò ilẹ̀ Japan. Èkejì jẹ́ BC547. Àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì, dúdú, ojú kan pẹlẹbẹ, ẹsẹ̀ mẹ́ta. Mo rò pé ẹsẹ̀ wọn tò bákan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí èèyàn bá dojú ibi pẹlẹbẹ kọ ara rẹ̀, bésì BC547, ìyẹn ẹsẹ̀ tí ohùn ń gbà wọlé, wà láàárín, ṣùgbọ́n ti C945 wà lápá ọ̀tún pátápátá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń lẹ ẹsẹ̀ mọ́ ibi tí orí yẹ kó wà. Láti ìgbà náà, mi ò kí í fojú mọ tíránsítọ̀ mọ́. Mo máa ń wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó lò ó, kódà bí mo bá ti mọ̀ ọ́n fún ọdún mẹ́wàá.

Ẹ̀rọ kejì ni elétí. Pẹ́ẹ̀nì ń sọ̀rọ̀ sínú rédíò. Elétí ń gbọ́ ohun tí rédíò ń sọ nínú ara rẹ̀. LM386 kan ni ọkàn rẹ̀, ṣíìpù kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Bí èèyàn bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń sọ ohùn di ìlọ́po 20. Bí èèyàn bá so kapásítọ̀ 10 microfarad mọ́ ẹsẹ̀ kìíní àti ìkẹjọ, ó di ìlọ́po 200. Ní ẹnu rẹ̀ mo fi dáyóòdù germanium kan, pátì tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo kọjá, èyí onígíláàsì tí wọ́n máa ń lò nínú rédíò àtijọ́. Ìyẹn ni mo kà sí góòlù tí onírin àlòkù ní kò sí. Dáyóòdù òde òní ń béèrè nǹkan bí 0.6 volt kó tó ṣílẹ̀kùn, germanium, 0.2 tó o. Ohùn tó wà nínú orí rédíò kò lágbára tó èyí tó ń kan ìlẹ̀kùn líle.

Inú ike bọ́tà ni mo kọ́kọ́ kó elétí sí, ohun tó sì ń ṣe fún mi ni pé ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí mi ò rán an. Ó ń gbọ́ wáyà ògiri. Ó ń gbọ́ fóònù: kí fóònù ìyá mi tó dún ni elétí á ti máa ṣe "tì-tì-tìtì, tì-tì-tìtì", bí ìgbà tí ó mọ ẹni tó ń pè. Mo gbé e sínú agolo wàrà, mo lẹ ara agolo náà mọ́ ilẹ̀ sákíìtì, ìyẹn ibi tí gbogbo iná inú ẹ̀rọ ń padà sí, gbogbo ariwo bá rọlẹ̀. Irin ni ilé tó yẹ elétí.

Mo wá fẹ́ sọ ohun tó ṣe mí lẹ́yìn ìyẹn, torí kò sẹ́ni tó kìlọ̀ rẹ̀ fún mi. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé rédíò ìyá rẹ̀ wá, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo fi elétí kan bésì tíránsítọ̀ kìíní: rédíò dákẹ́. Mo ní a ti mú olè. Mo pààrọ̀ tíránsítọ̀. Mo kan ìkejì: ó dákẹ́. Mo pààrọ̀ òun náà. Ìkẹta bákan náà. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ tó; mo ń sọ fún ara mi pé rédíò yìí ti jìyà. Ní alẹ́, bí mo ṣe ń kó irinṣẹ́ mi, orí elétí ṣèèṣì kan inú rédíò ìyá mi tó wà ní títú lórí tábìlì, tó ń ka ìròyìn lọ́wọ́, tí kò láìsàn. Òǹkàwé ìròyìn dákẹ́ sáàárín ọ̀rọ̀. Mo gbé e kúrò, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Mo tún fi kàn án, ó dákẹ́.

Èmi ni mo ń di rédíò lẹ́nu látàárọ̀. Kapásítọ̀ tó wà lẹ́nu elétí, èyí tí mo yọ láti ara páńẹ́ẹ̀lì tẹlifíṣọ̀n, ti ń jò. Dípò kó gba ohùn nìkan kọjá kó sì dá iná bátìrì padà, ó ń jẹ́ kí iná tó gbé tíránsítọ̀ ró ṣàn jáde sínú ẹ̀rọ mi. Ẹlẹ́rìí èké ni mo gbé lọ sílé ẹjọ́, mo sì ti ju aláìṣẹ̀ mẹ́ta sẹ́wọ̀n. Kapásítọ̀ aláwọ̀ búráùn kan tí kì í ṣe olómi ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, rédíò ìyá mi ni adájọ́ àgbà: irinṣẹ́ tí mo bá kàn, inú rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ kì í bọ̀ kí n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ti oníbàárà. Ìyá mi ò fẹ́ràn ètò yìí. "Mo ti ní kí o gbé uṣẹ́ rẹ kúrò lórí rédíò mi," ló máa ń wí, ní ohùn Ìkéré rẹ̀ tí Adó ò lè yí padà.

Ohun àlòkù ní ìwà. Résítọ̀ kì í sábà purọ́. Kapásítọ̀ pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnì náà ṣe é gbára lé. Ṣùgbọ́n àwọn kapásítọ̀ olómi, àwọn tó dúró bí agolo kéékèèké, ooru ilẹ̀ wa máa ń gbẹ wọ́n nínú. Ìrísí wọn á dára, ikùn wọn á ti ṣófo. Ìwọ̀nyẹn, tuntun ni mo máa ń rà. Àwọn kan á ní kí ló dé tí mi ò ra tẹ́sítà Ṣáínà tó ń sọ orúkọ pátì fúnra rẹ̀. Mo ní ọ̀kan, ó dára gan-an, ohun tí mo sì fi ń wọn ẹsẹ̀ tíránsítọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n pátì tó wà nílẹ̀ nìkan ló mọ̀. Kò lè wọ inú rédíò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kó béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ti já.

Ti sírísì, kí n sọ ọ́ kíákíá: gílóòbù àtijọ́ 100 watt tí mo gbé sáàárín iná ògiri àti ẹ̀rọ tí mò ń dán wò. Bí gílóòbù bá tàn ṣáá, wáyà ti pàdé wáyà nínú ẹ̀rọ náà. Bó bá tàn díẹ̀ tó sì rọlẹ̀, kí á máa lọ. Ó ti gba ọ̀pọ̀ fíúùsì là. Kò gba èmi là lọ́jọ́ tí mo gbá kapásítọ̀ ńlá kan mú lára páńẹ́ẹ̀lì tẹlifíṣọ̀n tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lára iná. Iná ògiri tí wọ́n ti sọ di iná bátìrì máa ń ga ju 300 volt lọ nínú irú kapásítọ̀ bẹ́ẹ̀, yíyọ tí èèyàn yọ ọ́ lára ògiri kò sì kàn án. Apá mi kú títí di ọjọ́ kejì.

Rìmóòtù ni mo fẹ́ràn jù. Rédíò kan wá sọ́dọ̀ mi tí ọmọ inú ilé ti fi sukurudráfà yí gbogbo ojú aláwọ̀ inú rẹ̀: yẹ́lò, funfun, dúdú, àwọn àpótí irin kéékèèké tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn láìnídìí. Ó yí wọn nítorí pé wọ́n ṣe é yí. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Edwin Armstrong, ló ronú kan ohun tó ń jẹ́ superheterodyne ní 1918. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kí rédíò má ṣe gbìyànjú láti mọ iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀. Bí ìrẹsì oko wo ló bá dé ọjà, kọ́ńgò kan náà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Iléeṣẹ́ yòówù kó wọlé, rédíò á kọ́kọ́ sọ ọ́ di iye kan ṣoṣo. Fún ọ̀pọ̀ rédíò AM, iye náà jẹ́ 455,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú aláwọ̀ wọ̀nyẹn ni kọ́ńgò náà, ọmọ yẹn sì ti fọ́ ọ.

Láti tún un ṣe, mo nílò ohun tó ń kọ 455,000 láìyẹsẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju owó oṣù mi lọ nígbà náà. Mo tú rìmóòtù kan nítorí bátìrì tó ti jò sínú rẹ̀, mo rí nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan, búlọ́ọ̀kù kékeré tí kò tó èékánná àtàǹpàkò, wọ́n kọ 455E sí i lára. Mo gbé e súnmọ́ iná. Mo tún kà á. Ọ̀pọ̀ rìmóòtù ló ń lo 455,000 gan-an. Wọ́n á pín in sí ọ̀nà 12, á di nǹkan bí 38,000, bí iná àìrí iwájú rẹ̀ ṣe ń ṣẹ́jú sí tẹlifíṣọ̀n nìyẹn. Iye tí mò ń wá ti wà lórí àga pálọ̀ gbogbo ìdílé l'Ékìtì, àwọn ọmọdé ń jókòó lé e.

Mo fi tíránsítọ̀ kan gbé e ró, mo jẹ́ kí ẹ̀fọn inú pẹ́ẹ̀nì máa kùn lórí rẹ̀ kí etí lè gbọ́ ọ, mo ká wáyà rẹ̀ bí òrùka sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò náà. Fún ojú, mo fi abẹ́rẹ́ tó máa ń jó níwájú rédíò kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ka bí ohùn ṣe ń le sí. Bàbá mi ló gbẹ́ ohun tí a fi yí ojú aláwọ̀. Irin ò ṣe é lò níbẹ̀. Bí irin bá ti súnmọ́ ọn, iye náà á yẹ̀, bí èèyàn bá sì gbé irin kúrò, á tún yẹ̀ padà. Ó gé ọparun kan lẹ́yìn ilé, ó fi ọ̀bẹ fá a títí ẹnu rẹ̀ fi dà bí ẹnu sukurudráfà, ó fi òróró pa á, ó ní kó sùn mọ́jú. Láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú la ṣe é: dúdú, funfun, yẹ́lò. Bó ṣe ń yí i díẹ̀díẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ń gùn. Ó kọjá orí òkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, bàbá mi yí i padà ní ìwọ̀n irun orí kan. "Dúró níbẹ̀," ló wí fún abẹ́rẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìgbà tí AM máa ń rìn jìnnà, ọkùnrin kan tó ń sọ èdè Faransé wọlé kedere bíi pé ó wà ní yàrá kejì. A ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tó ń sọ, a sì gbọ́ ọ títí ó fi parí.

Lóṣù tó kọjá mo lọ sí Ìkéré. Bàbá mi kì í gba iṣẹ́ púpọ̀ mọ́, ojú rẹ̀ ti ń rẹ̀, ṣùgbọ́n rédíò kan wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, iná sì ti lọ. Ó ti ìka bọ ẹnu, ó fi kan ọrùn. Kẹ́kẹ́. Ó wo ìka náà. Kò yíjú sí mi. Ó kàn na ọwọ́ òsì sẹ́yìn, àtẹ́lẹwọ́ ní ṣíṣí. Mo yọ pẹ́ẹ̀nì nínú báàgì mi, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó ti kílíìpù rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ sákíìtì, ó fi orí ìṣó tó wà lẹ́nu rẹ̀ kan ọrùn rédíò, ẹ̀fọn sì bú jáde láti sípíkà.

"Orí ni," ó wí. Ó tún fi kàn án, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ ẹlòmíràn wò. "Ohùn tiẹ̀ tín-ín-rín jù. Tèmi nípọn jù ú lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Bá mi ṣe ọ̀kan. Má fi máákà pupa ṣe é o. Wọ́n á rò pé tíṣà ni mí."